Ọkàn Tí Kò Fẹ́ Dẹ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Okùn Inú Ẹran Ọkàn àti Àárẹ̀ Ọkàn



  Nínú ẹ̀kọ́ ìlera ti ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ ọkàn ni a fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọkàn tí a fi ń ro rere tàbí búburú ni a ń wí, bí kò ṣe ẹran tí ó ń lù ní àyà wa láti inú oyún títí di ọjọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé.

Ọ̀rọ̀ bàbá kan láàrin wa ni ó mú wa mú ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ti yọ̀ǹda kí a sọ ọ́, a kò sì ní dárúkọ wọn. Tẹ́lẹ̀, bàbá yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ dé mọ́sáláṣí fún ìrun àsùbáà. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà tí kò tó ibùsọ̀ ọkọ̀ kan. Àwọn ọmọ ní ọjọ́ orí ni. Àwọn ọ̀rẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀lẹ ti wọ̀ wọ́n lára. Láìpẹ́, bàbá kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, orí àga ni wọ́n ń sùn mọ́jú. Wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn wọn. Ọmọ tí ó tẹ̀lé wọn gbọ́ pé ọkàn bàbá ń fún ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde, pé èyí dára. Ó padà dé ilé, ó ní kò sí ohun tí ó ṣe ọkàn bàbá. Ni ẹbí bá ní bí kì í bá ṣe ọkàn, a jẹ́ pé ọwọ́ ayé ni, kí wọ́n máa gbé wọn lọ sílé. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi sáré kiri. Láàrin oṣù mẹ́rin náà, bàbá kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti fún wọn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Dókítà mìíràn ni ó wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ pé: lóòótọ́ ni ọkàn bàbá ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa, ṣùgbọ́n kì í dẹ̀ dáadáa láti gba òmíràn. Bàbá ṣì wà láyé, wọ́n ti padà sí sáàfù. Ṣùgbọ́n a rò pé bí àwa tí a wà nítòsí wọn bá ti mọ ohun tí a mọ̀ lónìí, wọn kì bá tí jìyà tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí gbogbo wa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pọ̀.

IṢẸ́ MÉJÌ NI ỌKÀN Ń ṢE

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí: àárẹ̀ ọkàn kò túmọ̀ sí pé ọkàn dúró. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ọkàn kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ tó bí ara ṣe fẹ́ ẹ mọ́, tàbí pé ó ń gbé e pẹ̀lú ìnira.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọkàn ń fún ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò ni pé kí ó tó fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á wọlé. Ẹ wo ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Bí ọmọṣẹ́ bá gbé awọ rẹ̀ sókè, ẹwìrì á gba afẹ́fẹ́ sínú. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí iná. Bí awọ náà bá gbẹ tí ó gan, apá ọmọṣẹ́ ìbáà le bí irin, ẹwìrì kò ní kún, iná kò sì ní ràn dáadáa. Ohun tí kò wọlé kò ṣeé fún jáde.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkàn. Ó ń fún, ó sì ń dẹ̀. Fífún ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, dídẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ó kún. Bí ẹran ọkàn bá le tí kò fẹ́ dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti ẹ̀dọ̀fóóró bọ̀ kò ní rí àyè wọlé. Yóò kó jọ sẹ́yìn, omi yóò máa jò sínú ẹ̀dọ̀fóóró, èémí yóò há. Bí ó bá pẹ́, ẹsẹ̀ á wú, ikùn náà lè wú. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ní irú àìsàn yìí kì í fi lè sùn gbalaja, nítorí pé bí ó bá dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ láti ẹsẹ̀ àti ikùn á tún ya wọ ọkàn tí kò ní àyè.

ÌṢIRÒ KÉKERÉ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo ohun tí ó ṣi ọmọ bàbá wa lọ́nà. Àpẹẹrẹ lásán ni a fẹ́ fi ṣe, ara oníkálùkù yàtọ̀.

Ká ní ọkàn kan gba mìlìlítà 120, tí ó sì fún 72 jáde. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí ó bá lù nígbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀jẹ̀ tí ó fún jáde jẹ́ mìlìlítà 5,040, lítà márùn-ún ó lé díẹ̀. Èyí tó fún ara.

Ká tún ní ọkàn kejì le, mìlìlítà 80 péré ni ó lè gbà, ó sì fún 48 jáde. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún náà nìyẹn! Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú kan, mìlìlítà 3,360 ni ó gbé. Ìdá kan náà, ẹ̀jẹ̀ kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá wo ìdá nìkan yóò ní àwọn méjèèjì dọ́gba.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún wa ní ọsibítù pé ọkàn ń fún dáadáa, ìdajì ọ̀rọ̀ ni a gbọ́ yẹn. Ó yẹ kí a béèrè ìdajì kejì pé: ṣé ó ń dẹ̀ dáadáa? Ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi ń wo ọkàn ní ọsibítù, tí wọ́n ń pè ní echo, lè sọ púpọ̀ fún dókítà nípa ìdajì kejì yìí.

Ohun kan tún wà. Bí ọkàn bá ń lù nígbà 60 ní ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó ní fún lílù kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò yìí ni ó sì fi ń gba ẹ̀jẹ̀. Bí a bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí a ń rìn kíá, tí ó wá di nígbà 120, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni ó kù. Àkókò gbígbà ni ó sì ń dínkù jù. Ọkàn tí ó rọ̀ á yára dẹ̀, á sì kún. Ọkàn tí ó le kò lè yára. Ìdí nìyí tí bàbá wa fi ń mí dáadáa lórí àga, ṣùgbọ́n tí èémí wọn ń há bí wọ́n bá ń lọ sí mọ́sáláṣí. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

OKÙN ÒMÌRÁN INÚ ẸRAN ỌKÀN

Kí ni ó wá wà nínú ẹran ọkàn tí ó ń jẹ́ kí ó rọ̀ tàbí kí ó le? Sẹ́ẹ̀lì tí ojú lásán kò lè rí ni ó para pọ̀ di ẹran ọkàn. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, okùn tín-ín-rín wà lọ jàra, tí Ọlọ́hun tò ní ìpín-ìpín bí ọ̀pá àkàsọ̀. Purotéènì ni àwọn okùn náà. Nígbà tí wọ́n bá ní kí a jẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja nítorí purotéènì, oúnjẹ ni a máa ń rò. Ṣùgbọ́n nínú ara, ẹgbẹẹgbẹ̀rún oríṣi purotéènì ni ó wà, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀.

Méjì nínú wọn, tí orúkọ wọn ń jẹ́ actin àti myosin, ni ó ń fa ara wọn mọ́ra nígbà tí ẹran bá sún kì. Ọdún 1954 ni ikọ̀ méjì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yọ́ kọjá lára ara wọn: Hugh Huxley àti Jean Hanson ni ikọ̀ kan, Andrew Huxley àti Rolf Niedergerke ni ikọ̀ kejì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣẹ́kù. Bí a bá na ẹran tí kò ṣiṣẹ́, tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó máa ń padà sí ipò rẹ̀ bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò. Kí ni ó ń fà á padà?

Ní ọdún 1977, Koscak Maruyama àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kọ̀wé nípa purotéènì kan tí ó ń nà tí ó sì ń sún kì, wọ́n sọ ọ́ ní connectin. Ní 1979, Kuan Wang àti àwọn tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa purotéènì ńlá kan tí wọ́n sọ ní titin, nítorí bí ó ṣe tóbi tó bí àwọn òmìrán inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì. Nígbà tí ó yá, a mọ̀ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì. Ní 1995, Siegfried Labeit àti Bernhard Kolmerer ní Jámánì tẹ ìtò titin ti ọkàn ènìyàn jáde látòkè délẹ̀.

Titin ni purotéènì tí ó tóbi jù lọ nínú àwọn tí a mọ̀ nínú ara ènìyàn. Bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín ni purotéènì rí. Insulin, tí àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ mọ̀ dáadáa, ìlẹ̀kẹ̀ 51 péré ni ó ní. Titin ti inú ọkàn ní nǹkan bí ìlẹ̀kẹ̀ 27,000, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, bí a bá to ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ní gígùn, yóò ju mìlímítà kan lọ díẹ̀ ni. Ẹ wo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá.

Láti etí ìpín kọ̀ọ̀kan títí dé àárín rẹ̀ ni titin gùn dé. Apá kan lára rẹ̀ rí bí rọ́bà tí ó ká jọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wọ ọkàn, tí ẹran ọkàn ń nà, rọ́bà yìí ni ó ń tú díẹ̀díẹ̀. Bí rọ́bà náà bá rọ̀, ọkàn á gba ẹ̀jẹ̀ nírọ̀rùn. Bí ó bá le, ọkàn á le.

KÍ NI Ó Ń MÚ OKÙN NÁÀ LE?

Ọ̀nà méjì ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn.

Ọ̀nà kìíní ni irú titin tí ó wà níbẹ̀. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ọkàn àgbàlagbà: èyí tí ó kúrú, tí ó sì le, àti èyí tí ó gùn, tí ó sì rọ̀. Ọkàn ọmọ inú oyún ní èyí tí ó rọ̀ jù; lẹ́yìn ìbí, èyí tí ó le á máa pọ̀ sí i. Àwọn méjèèjì ni ó dà pọ̀ nínú ọkàn wa, bí wọ́n ṣe pọ̀ ju ara wọn lọ ni ó sì ń sọ bí ọkàn ṣe rọ̀ tó. Nínú àìsàn, ìwọ̀n yìí lè yí padà.

Ọ̀nà kejì ni ó kan ẹ̀kọ́ wa jù. Ara a máa lẹ èròjà kékeré kan tí ń jẹ́ fọ́sífétì mọ́ àwọn ojú kan lára titin. Bí fọ́sífétì bá wà ní ojú tí ó yẹ, rọ́bà náà á rọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, á le. Ojú mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí fọ́sífétì bá lẹ̀ mọ́ ọn, líle ni yóò le sí i. Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya mọ̀ nípa awọ. Awọ tí wọ́n fi òróró pa á rọ̀ dẹ̀dẹ̀, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú oòrùn láìfi nǹkan pa á á gan bíi pákó. Awọ kan náà ni, ìtọ́jú ni ó yàtọ̀. Fọ́sífétì ní ojú tí ó yẹ dà bí òróró yẹn fún titin.

Ní 2005, àwọn olùwádìí ní Amsterdam ní ilẹ̀ Netherlands tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Wọ́n mú ẹ̀ẹ́rún ẹran ọkàn lára àwọn aláìsàn tí ọkàn wọn ń fún dáadáa ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ dẹ̀. Wọ́n ya sẹ́ẹ̀lì sọ́tọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n na án, wọ́n rí i pé ó le ju ti àwọn tí kò ní àìsàn náà lọ. Nígbà tí wọ́n wá fi èròjà tí ó ń lẹ fọ́sífétì sí i, sẹ́ẹ̀lì náà rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí ti àwọn tí ara wọn le. A rí i nínú èyí pé líle náà wà nínú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, àti pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni kò ṣeé yí padà.

Kí ni ó wá ń gba fọ́sífétì lọ́wọ́ titin? Ní 2013, Walter Paulus àti Carsten Tschöpe to àlàyé kan jọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tẹ̀lé. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá àpọ̀jù bá pẹ́ lára, wọ́n á máa mú kí inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gbóná, bí ojú egbò tí kò jinná. Awọ fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo inú iṣan wọ̀nyí ni ó ń ṣe èròjà kan tí ń jẹ́ nitric oxide, èyí tí ó ń ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn pé kí wọ́n lẹ fọ́sífétì mọ́ titin. Bí awọ náà bá ṣàárẹ̀, iṣẹ́ tí ó ń rán á dínkù, fọ́sífétì á dínkù, titin á le, ọkàn á le. Ẹ̀yin ará, ẹ wo bí ìyọ̀ àti ṣúgà ẹnu wa ṣe ń rìn títí dé orí okùn tí a kò lè fojú rí.

A kò fẹ́ ṣi yín lọ́nà: titin nìkan kọ́ ni ó ń mú ọkàn le. Ẹ̀jẹ̀ ríru a máa mú kí ògiri ọkàn nípọn. Okùn líle mìíràn tí ń jẹ́ collagen, irú èyí tí ó wà nínú àpá egbò, a sì máa hù láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì. Àpá yìí ṣòro púpọ̀ láti mú kúrò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni ó lérè jù.

OHUN TÍ WỌ́N TI DÁN WÒ

Ẹnìkan lè rò pé bí nitric oxide bá dínkù, kí a wá oògùn tí yóò ran iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n dán sildenafil wò, oògùn tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Viagra. Àbájáde ìwádìí náà, tí wọ́n pè ní RELAX, jáde ní 2013. Àwọn aláìsàn 216 ni ó kópa fún ọ̀sẹ̀ 24. Oògùn náà kò mú kí agbára ìrìn àti iṣẹ́ wọn dára ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ayédèrú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ẹ̀kọ́ yìí lọ ra irú oògùn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri. Bí ó bá pàdé àwọn oògùn àyà dídùn kan nínú ara, ó lè pa ènìyàn.

Ìròyìn ayọ̀ wá láti ibòmíràn. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àtọ̀gbẹ, tí ń mú kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde. Ní 2021, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí lórí empagliflozin jáde, lára àwọn ènìyàn 5,988 tí ọkàn wọn ń fún dáadáa tàbí tí ó dínkù díẹ̀ péré. Ikú láti ọwọ́ àìsàn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí dídá ènìyàn dúró ní ọsibítù nítorí àárẹ̀ ọkàn, fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù lára àwọn tí ó lò ó. Àìdánidúró ní ọsibítù ni ó pọ̀ jù nínú èrè yìí. Ní 2022, dapagliflozin náà ṣe bẹ́ẹ̀ lára àwọn ènìyàn 6,263, ìdá 18 ni ó fi dínkù. Àti ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ àti ẹni tí kò ní in ni ó jàǹfààní. Dókítà nìkan ni ó lè sọ ẹni tí ó yẹ kí ó lò wọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a má ṣe gbà mọ́ pé irú àìsàn yìí kò ní ìtọ́jú.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÀN WÁ

Nínú ìwádìí THESUS-HF tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012, àwọn aláìsàn 1,006 tí àárẹ̀ ọkàn gbé dé ọsibítù ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà ni wọ́n yẹ̀ wò, Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ọdún 52 ni ọjọ́ orí wọn bí a bá pín in dọ́gba. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sì ṣáájú àwọn ohun tí ó fà á. Ní Abẹ́òkúta nílé wa, wọ́n kọ orúkọ àwọn aláìsàn 452 sílẹ̀, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014: nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní 78 tí ó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sọ ọkàn wọn dìdàkudà.

Kì í ṣe gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ọkàn wọn le. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọkàn wọn kò lè fún dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kan náà ni ó ń hu igi méjèèjì. Ẹ sì wo ọjọ́ orí náà: ẹni ọdún 52 ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ, ó ṣì ń tọ́jú àwọn òbí nílé. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣubú ní àjò, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú àwọn ará ilé yóò rí.

KÍ NI KÍ A ṢE?

1. Ẹ jẹ́ kí a máa wọn ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Bí ó bá ń wọ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, kí a rí dókítà. Kí a wọn ṣúgà ara wa pẹ̀lú.

2. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn, kí ó máa lò ó bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá. Bí ara ṣe yá yẹn, iṣẹ́ oògùn ni. Bí a bá ń lọ sílé fún Iléyá tàbí ìnáwó, oògùn ni kí a kọ́kọ́ di sínú ẹrù, kí ó tó aṣọ ẹbí. Ẹ má ṣe pín oògùn fún ara yín.

3. Ẹ jẹ́ kí a dín iyọ̀ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, èyí kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Mágì wà nínú ìṣirò yẹn. Káún tí a ń sè sí ẹ̀wà àti ewédú kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, ṣùgbọ́n èròjà sodium tí ó wà nínú iyọ̀ wà nínú òun náà.

4. Kí a ṣọ́ra fún oògùn ara ríro tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù láìbéèrè, bíi ibuprofen àti diclofenac. Wọ́n a máa dá omi àti iyọ̀ dúró sí ara, wọ́n sì lè mú àárẹ̀ ọkàn burú sí i. Bí a bá ń lo àgbo, kí a sọ fún dókítà, kí a má fi pamọ́.

5. Kí a máa rìn. Ẹni tí ó ti ní àìsàn ọkàn náà lè ṣe eré ìdárayá bí dókítà bá ti sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún un.

6. Ẹni tí ó ti ní àárẹ̀ ọkàn, kí ó máa wọn ara rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ní àràárọ̀. Bí ó bá fi ju kílò 2 lọ wúwo sí i láàrin ọjọ́ mẹ́ta, omi ni ó ń kó jọ. Kí ó lọ rí dókítà, kí ó má dúró di ìgbà tí èémí bá há.

7. Nípa ààwẹ̀: kí Rámàdánì tó dé ni kí aláìsàn ọkàn ti bá dókítà sọ̀rọ̀, pàápàá ẹni tí ó ń lo oògùn tí ń mú ni tọ̀. Ẹ̀sìn wa ti fún aláìsàn ní ìyọ̀ǹda. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ó dára kí òun fi oògùn òwúrọ̀ sílẹ̀ kí ojú má baà ti òun láàrin ẹgbẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àfáà yín.

8. Èyí tí ó kẹ́yìn kan gbogbo wa. Bí àgbàlagbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí sinmi lójú ọ̀nà tí ó máa ń rìn tẹ́lẹ̀, bí ìrọ̀rí rẹ̀ bá di méjì, tí ó di mẹ́ta, bí ikọ́ bá ń jí i lóru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ẹ má ṣe ní ọjọ́ orí ni. Ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má ṣe yára dá ayé lẹ́bi. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ÀṢÀLÁTÙ

A rọ àwọn ẹ̀ka wa kí wọ́n ka ẹ̀kọ́ yìí sókè fún àwọn òbí tí ojú wọn kò lè kàwé mọ́, kí wọ́n sì jíròrò lórí ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Iṣẹ́ méjì wo ni ọkàn ń ṣe, èwo nínú wọn ni ó bàjẹ́ lára bàbá inú ẹ̀kọ́ yìí?

2. Báwo ni ọkàn méjì ṣe lè fún ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún jáde, síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé má dọ́gba?

3. Kí ni titin, kí sì ni iṣẹ́ fọ́sífétì lára rẹ̀?

4. Ọ̀nà wo ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ fi ń dé orí okùn yìí?

5. Nínú ilé tìrẹ, ta ni kò tíì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ọdún kan sẹ́yìn?

Ìbéèrè karùn-ún yìí, ilé ni kí olúkúlùkù ti lọ dáhùn rẹ̀. Kí Ọlọ́hun wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí Ó jẹ́ kí a tètè mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe kí ó tó bọ́ lọ́wọ́ wa, kí Ó sì mú gbogbo wa délé láti àjò ní àlàáfíà. Àmín.